Kí ẹ tó sọ pé ìṣàn òkun ló fà á: ohun tí ìgbín òkun Èkó kọ́ mi

Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ń ná ní Èkó kì í ṣe ọmọ òkun tiwa. Ìkarahun ìgbín òkun ni, ṣùgbọ́n erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó èyí tó kéré, Monetaria moneta. Èyí tó tóbi díẹ̀, Monetaria annulus, Zanzibar àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ti ń wá. Ọkọ̀ òkun ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti Zanzibar pọ̀ débi pé iye owó ẹyọ já wálẹ̀ lọ́jà. Síbẹ̀, omi Zanzibar àti omi tó ń kọlu etíkun Èkó so kọ́ra wọn, ọmọ owó ẹyọ sì máa ń léfòó nínú òkun kó tó balẹ̀. Kí ló wá dé tí òkun fúnra rẹ̀ kò gbé e wá? Irú ìbéèrè yìí ni ẹni tó ń fi DNA wá bí ìgbín òkun ṣe ń tàn láti etíkun kan dé òmíràn máa ń bá pàdé.

Ìṣàn òkun Agulhas ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá etíkun ìlà-oòrùn títí dé ìsàlẹ̀ South Africa. Tó bá débẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ṣẹ́rí padà sínú òkun India. Ìwọ̀nba tó bá bọ́ sínú Atlantic máa ń wà nínú àwọn ìyípo omi ńláńlá tó ń gba àárín agbami lọ, wọn kì í fara mọ́ etíkun. Ẹ̀wẹ̀, ní apá ìwọ̀-oòrùn South Africa àti Namibia, ìṣàn Benguela ló wà níbẹ̀, omi tútù sì ń rú sókè láti ìsàlẹ̀. Ìgbín tó mọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lójú kò lè fi ibẹ̀ ṣe ibùsọ̀. Omi kò ní ọ̀nà tààrà, ibi ìsinmi kò sì sí lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn nínú iṣẹ́ yìí. Àwòrán òkun tí wọ́n ya ọfà sí kò tó láti fi sọ ibi tí àbùdá ìgbín yóò tàn dé. Ọmọ ìgbín ni ká kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: ṣé ó ń léfòó, fún ọjọ́ mélòó, ìjìnlẹ̀ wo ló ń gbé nínú omi, irú ilẹ̀ wo ló lè balẹ̀ sí? Ìgbà tí a bá ti mọ ìyẹn ni ìṣàn òkun tó ní ìtumọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó pọ̀ tí DNA rẹ̀ dára, tí àyẹ̀wò rẹ̀ dára, àmọ́ tí àlàyé rẹ̀ wọ́ nítorí pé ẹni tó ṣe é ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ìṣàn òkun ni.

Ìṣàn òkun Guinea ló ń kọjá níwájú wa. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló ń lọ: láti apá Liberia àti Côte d'Ivoire, ó gba iwájú Ghana, Togo àti Benin, ó dé Èkó, ó sì ń lọ sí ọ̀nà Cameroon. Omi tó ń bọ́ ọ, díẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìṣàn Canary ní àríwá wá, èyí tó kù sì jẹ́ omi tó ń ṣẹ́rí bọ̀ láti apá Amẹ́ríkà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Láàrin oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ló máa ń le jù, ó sì lè tó mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láwọn ibì kan. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ó máa ń rọlẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ níwọ̀nba. Bí omi bá ń sáré mítà 0.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi kìlómítà 26 ló ń rìn lójúmọ́. Láti Accra dé Èkó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 400. Ọmọ ìgbín tó bá ń léfòó fún ọjọ́ 16 lè dé ibí láti Accra bí kò bá sí ohun tó yà á lọ́nà. Èyí tó bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ á ti rìn tó kìlómítà 780, ìyẹn ni pé ó lè ti kọjá Takoradi lọ́hùn-ún wá. Èyí tó bá balẹ̀ lọ́jọ́ kẹta kò ní kúrò ní sàkání Cotonou sí Èkó. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé iye ọjọ́ tí ọmọ náà fi ń léfòó ló yí gbogbo ìdáhùn padà, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni.

Ìjìnlẹ̀ omi tún wà, òun gan-an ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò. Ìpele omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà lókè ní ọ̀dọ̀ wa kò nípọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ju mítà 30 sí 40 lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìṣàn mìíràn wà tó ń lọ sí òdìkejì, sí ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ ìgbín tó bá ń gòkè lóru tó sì ń rì sísàlẹ̀ lọ́sàn-án lè lọ síwájú kó tún padà sẹ́yìn, kó má fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti bí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé àbùdá ìgbín Ghana gbọ́dọ̀ máa ṣàn wá sí Èkó, pé ti Èkó kò lè lọ sí Ghana láéláé, ẹ bi í pé mítà mélòó ló fi ọmọ náà sí.

Ní ti irú ọmọ, ìgbín òkun tó wà lágbègbè wa pín sí ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n méjì tó jìnnà síra jù ló wúlò fún àlàyé. Stramonita haemastoma, ìgbín olókùúta tó ń jẹ ìgbín àti ìṣán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara òkúta ní ìdìpọ̀. Àwọn ọmọ tó bá yọ á máa léfòó fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sì máa jẹun nínú omi. Ní 1971, Rudolf Scheltema, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Woods Hole, fi hàn pé irú ọmọ ìgbín etíkun bẹ́ẹ̀ wà láàyè ní àárín gbùngbùn Atlantic, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀ gbogbo, àti pé ìṣàn òkun lè gbé wọn kọjá láti Áfíríkà sí Brazil àti láti ọ̀hún wá síbí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí Stramonita haemastoma ní Èkó, ní òkun Mediterranean àti ní Brazil pẹ̀lú. Ẹnìkejì ni Cymbium, ìgbín ńlá tó ń gbé nínú iyanrìn. Kò ní ọmọ tó ń léfòó rárá. Inú ara ìyá ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Tó bá jáde, ìgbín kékeré ni, tó ti ní ìkarahun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí iyanrìn. A kì í rí Cymbium ní Amẹ́ríkà. Ní erékùṣù Cape Verde, ìgbín Conus tí ọmọ wọn kì í pẹ́ nínú omi ti pín sí ẹ̀yà bí àádọ́ta tí kò sí níbòmíràn láyé, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀.

Ẹ kò nílò láábù láti mọ ẹgbẹ́ tí ìgbín wà. Ẹ wo ṣóńṣó orí ìkarahun rẹ̀ pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni ìkarahun tí ó ní nígbà tó wà lọ́mọ ṣì wà. Bí àwọn ìyípo rẹ̀ bá kéré, tí wọ́n sì pọ̀, tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ nínú omi. Bó bá jẹ́ ìyípo kan tàbí ọ̀kan àbọ̀ tó wú bí ẹyin, ọmọ náà kò léfòó, tàbí kó jẹ́ pé kò pẹ́ rárá. Ìgbín kékeré ni kí ẹ wò, torí ìgbì àti iyanrìn ti máa ń họ ṣóńṣó orí àgbà dànù.

Mi ò ní kí ẹ gbà pé èyí tó ń léfòó ló máa ń jìnnà jù. Ní Rockall, àpáta kan tó dá wà nínú Atlantic ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, Littorina saxatilis tó ń tọ́jú ọmọ sínú ara wà níbẹ̀, Littorina littorea tí ọmọ rẹ̀ ń léfòó kò sì sí. Kerstin Johannesson ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1988. Àlàyé rẹ̀ kò le: abo kan ṣoṣo tó lóyún, tó lẹ̀ mọ́ ewé òkun tàbí igi tó ń léfòó, lè dá ìlú sílẹ̀ níbi tó bá dé. Ọmọ aléfòó ẹgbẹ̀rún tí omi fọ́n ká kò ní rí ẹnìkejì tí wọn yóò jọ bí ọmọ. Nítorí náà, tí ẹ bá wà lẹ́bàá ọ̀sà ní òpin òjò, tí ẹ rí koríko olódòdó àlùkò tó ń léfòó, tí omi ń tì í gba Commodore Channel jáde sínú òkun, ẹ rántí pé ọkọ̀ ni fún ohun tó bá lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Láti 2011 sì ni ewé òkun Sargassum ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu, òun náà sì ń gbé èrò.

Etíkun tiwa ní ìṣòro tirẹ̀. Iyanrìn ni láti Badagry dé Lẹ́kì. Ìgbín tó nílò òkúta kò rí ibi tẹ̀ sí. Ìyípadà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún nígbà tí wọ́n kó òkúta jọ sí ẹnu èbúté, tí wọ́n ṣe West Mole àti East Mole. Lórí òkúta yẹn ni Stramonita, Nerita senegalensis, Echinolittorina àti Siphonaria pectinata ti rí ilé. Òkúta tó dáàbò bo Eko Atlantic náà ti kún un báyìí. Ìgbín tó wà lórí gbogbo wọn jẹ́ àtọ̀húnrìnwá lójú ìtàn. Kò sí èyí tó lè ti wà níbẹ̀ ṣáájú òkúta. Ìbéèrè tó dùn jù lọ ní Èkó nìyẹn lójú tèmi: láti ibo ni wọ́n ti wá? Ghana ní àpáta ní Cape Three Points àti Sekondi, òkè ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ló sì wà. Ní apá ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ Mahin àti Niger Delta ló gba gbogbo ojú ọ̀nà kó tó di pé èèyàn dé àpáta Limbe ní Cameroon, omi dídùn tó ń ya jáde ní Delta sì ń din iyọ̀ kù. Ibi tí mo rò pé àlàfo àbùdá yóò ti fẹ̀ jù ni Èkó sí Limbe. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fi ibùdó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Delta, kó má fi gbogbo agbára rẹ̀ sí Èkó sí Accra nìkan.

Inú ọ̀sà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìṣáwùrú tó wà ní ẹrẹ̀ Makoko, Bariga àti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣọ́kí, Tympanotonos fuscatus àti Pachymelania aurita, omi ọ̀sà ló ń darí wọn ju ìṣàn òkun lọ. Nígbà òjò, iyọ̀ inú ọ̀sà lè sún mọ́ òdo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìhà èbúté, ó lè sún mọ́ gíráàmù 30 nínú lítà kan. Ẹnu ọ̀nà kan tóóró ni ọ̀sà fi ń bá òkun pàdé ní Èkó. Ẹ má ṣe da àyẹ̀wò ìṣáwùrú pọ̀ mọ́ ti ìgbín olókùúta nínú ìṣirò kan náà. Ẹ má sì fi ìrísí ìkarahun pín Tympanotonos sí méjì: èyí tó ní ẹ̀gún àti èyí tí kò ní lè wà lórí ẹrẹ̀ kan náà.

Ọ̀nà méjì wà tí àyẹ̀wò fi máa ń bàjẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan DNA rárá. Àkọ́kọ́ ni ọjà. Ìṣáwùrú tí wọ́n kó sínú abọ́ lè ti Ìlàjẹ tàbí Niger Delta wá, wọ́n sì lè ti bọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ má ra á, bó ti wù kó pọ́n tó. Ìkejì ni ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ tó bá wá kó ẹrù ní Àpápá, Tin Can tàbí Lẹ́kì máa ń gbé omi tí ó fi dúró déédéé sínú ikùn, omi yẹn sì lè ní ọmọ ìgbín láti èbúté mìíràn. Òfin àgbáyé lórí irú omi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, 2017, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọlé ṣáájú ìgbà yẹn ti wọlé. Bí ẹ bá rí oríṣi DNA kan ní inú èbúté tí kò sí lórí òkúta ìta, tí ó sì jọ ti Brazil tàbí Spain, ẹ fura sí ọkọ̀ kí ẹ tó fura sí ìṣàn. Ẹ máa ní ibùdó kan nínú èbúté àti òmíràn lóde.

Lórí òkúta, omi ni ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà ní Èkó, àlàfo láàrin kíkún àti fífà kò sì ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ibi tí ìgbín wà kò fẹ̀. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí omi yóò fà tán, kí ẹ kúrò ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ èbúté; ẹ bá ọlọ́kọ̀ Tarkwa Bay sọ̀rọ̀ kó dúró dè yín, torí kò sí ọ̀nà ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan máa ń dojú kọ òkun ní gbogbo ìgbà tí àwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ìgbín ní ibùdó kan ni mo fara mọ́. Ogún ni kí ó kéré jù. Ẹ mú wọn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàfo láàrin ọ̀kan sí èkejì tó mítà kan, torí àwọn tó wà ní ìdìpọ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ wọn gígùn ìkarahun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yẹn ló máa sọ fún yín lẹ́yìn ọ̀la bóyá ọmọ ọdún kan náà ni ẹ kó jọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń kú jù lọ ni inú ike. Tí ìgbín bá gbóòórùn ọtí, ó máa ń wọlé, á sì fi ìdérí rẹ̀ tì ilẹ̀kùn pinpin. Ẹ lè rì í sínú ethanol 96% fún oṣù kan, kí ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà sínú ìkarahun láìjẹ́ pé ọtí dé ibẹ̀. Ẹ fọ́ ìkarahun. Báìsì kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń lò dára ju hámà lọ, nítorí ó ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láì tẹ ẹran pọ̀. Tí ẹ bá nílò ìkarahun lódindi, ẹ fi ìgbín sínú omi gbígbóná tí kò ì tí ì hó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ fà á jáde kíá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gé, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan, ìyẹn mílígíráàmù 20 sí 25. Ẹ yẹra fún apá aláwọ̀ ewé tàbí búráùn tó wà lókè nínú ìyípo: oúnjẹ inú rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò afòmọ́ sì sábà máa ń wà níbẹ̀ nínú ìṣáwùrú, DNA tiwọn ni ẹ ó sì kà.

Ẹran ìdá kan, ethanol ìdá mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da ti àkọ́kọ́ nù, kí ẹ rọ tuntun sí i, torí omi ara ìgbín ti bù ú là. Sípírítì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì kò dára: omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti po májèlé mọ́ ọn. Ògógóró kò lágbára tó. Fọ́málínì ń ba DNA jẹ́ pátápátá, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ àpótí yín. Mo fẹ́ràn ethanol ju fíríìsà lọ ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, nítorí ẹran tó ń dì tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní DNA gígùn kankan mọ́. Lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sórí ìwé líle, kí ẹ fi sínú ike pẹ̀lú ẹran. Ethanol á fọ bírò àti máákà dànù.

Nínú láábù, ọ̀tá yín ni ikun ìgbín. Ikun yẹn máa ń bá DNA jáde, ó sì máa ń dá PCR, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA di ẹ̀dà púpọ̀, dúró. Nítorí náà, CTAB, kẹ́míkà bí ọṣẹ tó ń ya ikun kúrò lára DNA, ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti lò ju àpótí ìyọ DNA lásán lọ. Ohun tí a ń pò pọ̀ ni CTAB 2%, iyọ̀ NaCl 1.4 M, Tris 100 mM ní pH 8, EDTA 20 mM, PVP 1 sí 2%, àti mercaptoethanol 0.2% tí ẹ ó fi sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá máa lò ó. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ethanol kúrò lára ẹran lórí ìwé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú 500 µl, ẹ fi proteinase K 10 µl sí i (mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan), kí ó wà ní 60°C títí yóò fi yọ́, wákàtí mẹ́ta tàbí òru mọ́jú. Chloroform pẹ̀lú isoamyl alcohol, 24 sí 1, lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́ kì í kó ikun tán. Nígbà tí ẹ bá ń fa omi òkè, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀. Ojúkòkòrò níbẹ̀ ló ń mú ìdọ́tí àárín wọlé. Isopropanol tútù, ìdá méjì nínú mẹ́ta, ló ń mú DNA jókòó. Ẹ fi ethanol 70% fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ṣùgbọ́n kó má gbẹ jù. Tí DNA bá ṣì ń fà bí ewédú, ikun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún chloroform ṣe.

Fún COI, apá kan nínú DNA mitochondria tí a fi ń dá ẹ̀yà mọ̀, àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ DNA (ègé kúkúrú tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) tí Folmer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1994, LCO1490 àti HCO2198, ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fún yín ní lẹ́tà 658. Ìpele PCR tó sábà máa ń gbà ni 95°C ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìgbà 35: 95°C fún ìṣẹ́jú àáyá 30, 45°C fún 40, 72°C fún ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ parí rẹ̀ ní 72°C fún ìṣẹ́jú méje. Tí kò bá jáde, ẹ má tíì fi DNA kún un. Ẹ bù ú là ní ìlọ́po 10, kí ẹ tún dán ìlọ́po 50 wò, kí ẹ sì fi BSA, purotéènì tó ń gba ìdọ́tí mọ́ra, sí i. Ohun tó ń dá a dúró ló pọ̀. Ẹ má ṣe yọ ike tí kò ní DNA kúrò nínú èyíkéyìí, torí òun ló máa tú àṣírí bí DNA ìgbín kan bá ti ta sínú ti gbogbo wọn.

Tí lẹ́tà bá dé láti ibi tí wọ́n ti kà á, ẹ wo àwòrán òkè-àti-ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ẹ yí i padà sí purotéènì pẹ̀lú tábìlì 5, ti mitochondria àwọn ẹranko aláìlégungun. Bí àmì ìdádúró bá yọ láàrin, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi wé ohun tó wà ní GenBank, àkójọ DNA tó wà fún gbogbo ayé, kì í ṣe láti gba orúkọ níbẹ̀ nìkan, bí kò ṣe láti rí i bóyá kòkòrò afòmọ́ tàbí bakitéríà ni ẹ kà. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú orúkọ: àwọn Stramonita tí wọ́n ti ń kà sí ẹ̀yà kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Atlantic, iṣẹ́ DNA tó jáde ní 2011 fi hàn pé ẹ̀yà bíi mélòó kan ni. Ẹni tó bá kó ti Florida pọ̀ mọ́ ti Èkó á rí àlàfo ńlá, á sì gbé e fún ìṣàn òkun, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yà méjì ló ń fi wéra.

Kíka èsì ló wá gba ìrònú. FST ni nọ́ńbà tó ń sọ bí àbùdá ibùdó méjì ṣe yàtọ̀ síra tó; òdo túmọ̀ sí pé àbùdá ibùdó méjèèjì kò yàtọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìgbín ń kọjá lónìí. Ó sì lè jẹ́ pé láti ara ìyá ńlá kan náà ni wọ́n ti yà láìpẹ́, tí DNA kò tíì rí àyè yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí fún ìgbín orí òkúta tí kò tíì pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lọ. COI kò lè dá wọn mọ̀ fún yín. Ìyá nìkan ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, ibi kan ṣoṣo ló sì jẹ́ nínú gbogbo àbùdá. Ẹ fi DNA inú kóró sẹ́ẹ̀lì kún un. Tó bá jẹ́ microsatellite ni, ìyẹn ibi tí lẹ́tà DNA díẹ̀ ti ń tún ara wọn sọ léraléra, ẹ ṣọ́ra, nítorí nínú ìgbín, ẹ̀dà tí PCR kò rí pọ̀, ó sì ń mú kí ìgbín dà bí ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ìbátan.

Ohun kan ń dùn mí nínú bí wọ́n ṣe ń lo FST òdo yìí. Nínú ìmọ̀ yìí, ọmọ àlejò kan tàbí díẹ̀ ní ìran kan ti tó láti má jẹ́ kí àbùdá ibùdó méjì jìnnà síra. Ọmọ kan kò lè kún òkúta. Bí àwọn ènìyàn bá ṣa gbogbo ìgbín kúrò ní ibì kan, DNA lè sọ pé ó so pọ̀ mọ́ Cotonou, kí òkúta náà sì wà ní ṣíṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má fi irú èsì yẹn gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa ṣa á lọ, pé òkun á gbé òmíràn wá.

Ohun mìíràn tó ń da ojú rú ni pé ibùdó méjì tó wà ní kìlómítà díẹ̀ síra lè yàtọ̀ ju Èkó àti Accra lọ. Johnson àti Black rí irú rẹ̀ lára Siphonaria ní ìwọ̀-oòrùn Australia, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1982: ìpín àbùdá tó ń yí padà láti ọdún dé ọdún, torí pé ìdìpọ̀ ọmọ tó balẹ̀ lọ́dún kan lè jẹ́ ti ìyá díẹ̀. Ibi tí ìwọ̀n gígùn ìkarahun yẹn ti wúlò nìyí. Ẹ ya kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára àgbà, kí ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀. Bí kékeré àti àgbà lórí òkúta kan bá yàtọ̀ síra ju bí ibùdó ṣe yàtọ̀ sí ibùdó lọ, àwòrán ilẹ̀ kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ padà lọ kó òmíràn ní àsìkò mìíràn.

Nígbà yìí ni mo tó ń fẹ́ rí ìṣàn òkun lórí kọ̀ǹpútà. Parcels, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú Python, lè mú ìyára omi láti Copernicus Marine, àkójọ ìwọ̀n òkun ti àwọn ará Yúróòpù, kó sì gbé ọmọ ìgbín àfinúrò káàkiri. Àpótí omi tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9, nítorí náà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin òkúta àti kìlómítà díẹ̀ síwájú. Ẹ tú ọmọ sílẹ̀ ní kìlómítà 10 sí 20 sínú òkun, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín pé ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa tú u lójoojúmọ́ fún odidi ọdún, ọdún bíi mélòó kan. Èyí tí ẹ bá tú ní oṣù Kejì kò ní jọ ti oṣù Kẹjọ, torí láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, omi tútù ń rú sókè níwájú Ghana àti Côte d'Ivoire, òkè omi á sì tutù kọjá 25°C lọ sísàlẹ̀, ọmọ á sì pẹ́ sí i kó tó dàgbà. Ẹ ṣe é ní ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá fi tábìlì ẹni tó dé ibi tó dé wé tábìlì FST yín. Bí mítà 40 bá bá DNA mu ju mítà 1 lọ, ẹ kò tíì fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ju àwọ̀n sí: ojú àwọ̀n 150 µm, ní mítà 5, 20 àti 40, lọ́sàn-án àti lóru, nínú oṣù méjèèjì yẹn.